Ọwọ́ Bàbá, Ojú Ìyá, àti Alágbà Ọkọ̀ Wa

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi àti Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àìrí mi láti ọjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà, nítorí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Tísà ì bá ti kọ̀wé sọ fún mi. Ara tèmi náà le. Òtútù òkè òkun ibí ò tíì lọ, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ papọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yẹ ojú gbogbo àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì wò ní gáréèjì wa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n gbé pátákó alífábẹ́ẹ̀tì síwájú mi, mo kà á láti òkè délẹ̀, mo tún ka orúkọ ẹni tó tẹ pátákó náà tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa ní òun ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tísà tí mo dá sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Ẹ mọ̀ pé Tísà aládùúgbò wa kì í pa nǹkan mọ́ra. Wọ́n kọ lẹ́tà olójú ewé méjì sí mi, wọ́n fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ibi tí inú ti bí wọn. Wọ́n ní Bàbá fi Alágbà kọlu ògiri ọgbà àwọn lọ́sàn-án gangan, pé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló wó, àti pé nígbà tí Bàbá bọ́ sílẹ̀, ògiri ni wọ́n bá wí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ta Alágbà. Mi ò pẹ̀gàn rẹ̀. Inú rẹ̀ lẹ ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà tí mo ń fi jẹun lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ ti rà á kí ẹ tó bí mi, èmi fúnra mi sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti jù mí lọ, ó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì.

Ohun kan tún wà. Lẹ́tà yín tó dé kẹ́yìn, ọwọ́ Màmá ni mo rí níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ṣé kò sí wàhálà o?

Èmi ni,
Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Bàbá rẹ ló ń kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́, a sì dúpẹ́ pé ojú rẹ dá ṣáṣá. Ojú tèmi náà dá. Ọwọ́ ló ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìyá rẹ máa bá mi kọ ọ́. (Èmi ìyá rẹ nìyí. Ó ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Ohunkóhun tí o bá rí nínú irú àmì yìí, tèmi ni, kò mọ̀ pé mo fi sí i. Ọwọ́ kankan ò dùn ún. Àárọ̀ yìí ló fọ mọ́tò, tó tún nù ún.)

Ní ti ògiri Tísà, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ògiri yẹn ti yọrí sí títì láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ọ́n. Ọ̀nà tèmi ni mo wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó tó wá bá mi níbẹ̀. Tísà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. (Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ni. Tísà ṣàánú wa ló fi pè é ní mẹ́rin.)

O ní kí n ta Alágbà. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n lò? Ó ní ìwà tirẹ̀ bí èèyàn. Bí o bá yí sítíárìn sápá òsì, yóò fun fèrè fúnra rẹ̀; kí o kàn juwọ́ sí àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á rò pé o kí àwọn ni. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kò ní jí, àfi kí o kọ́kọ́ tan iná iwájú rẹ̀ kí o sì tún pa á. Jíà kẹta kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú sí òun. Ilẹ̀kùn ìhà ti ìyá rẹ kò ní àléébù kankan, ìyá rẹ ló fẹ́ràn kí wọ́n máa wá ṣí i fún òun bí olorì. (Kì í ṣí láti inú. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́.) Èmi tí mo fi ogójì ọdún tún aago ṣe, bí Alágbà bá sín, mo mọ ibi tí òtútù ti mú un. Ẹlòmíràn á kàn gbé e lọ bá mẹkáníìkì ni, mẹkáníìkì á sì tú ohun tí kò bàjẹ́.

Nítorí náà, a ò ta Alágbà. Máa ṣọ́ ara rẹ, kí o sì rọra máa wa bọ́ọ̀sì àwọn èèyàn.

Bàbá rẹ

(Ó ti bọ́ síta, ó ti lọ jókòó sínú mọ́tò. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú, ọmọ mi. Òótọ́ ni pé ojú rẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, òun náà ló jẹ́ kó ti ṣọ́ọ̀bù aago pa, kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò wọ aago mọ́. Ṣùgbọ́n a ti wá nǹkan ṣe sí i. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń bá a ríran. Màá ní "òsì díẹ̀," màá ní "dúró, ìyá kan ń kọjá," màá ní "ó yá, ó ti kọjá." Ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú mọ́tò ju bó ṣe ń gbọ́ nínú ilé lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Ọjọ́ ti ògiri yẹn, oorun ló gbé mi lọ.)


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ìdíkọ̀ tí a ti ń sinmi ni mo ti ka lẹ́tà yín, lórí àga awakọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Màmá ti ní oorun gbé àwọn lọ, mo dìde dúró. Èrò kan tó jókòó lẹ́yìn mi bi mí pé ṣé kò sí wàhálà. Ṣé kí n ní àwọn òbí mi méjèèjì pín ọkọ̀ wíwà láàárín ara wọn, ọ̀kan mú ọwọ́, ọ̀kan mú ojú?

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka èyí sétí Bàbá, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń wá ibi tí ẹ máa fò. Ẹ dákun, ẹ má fo nǹkan kan. Bàbá, Màmá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Níbi iṣẹ́ wa, bí awakọ̀ bá kàn bá èrò ṣàwàdà lójú ọ̀nà, wọn á pè é sí ọ́fíìsì. Ẹ̀yin wá ń fi ẹnu wa ọkọ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba títì yẹn kọjá láràárọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló dúró síbi tí ògiri Tísà wà ńkọ́?

Mi ò fẹ́ kí Alágbà jáde ní géètì mọ́. Mo fẹ́ kí Bàbá lọ rí dókítà ojú. Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ tún sọ "òsì díẹ̀" fún Bàbá mọ́, àfi bí wọ́n bá ń wá bàtà wọn. Mo mọ̀ pé kò tọ́ kí ọmọ máa pàṣẹ fún òbí. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni mo pa yẹn.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Èmi fúnra mi ni mo ń fọwọ́ mi kọ èyí, kí o lè rí i pé ojú mi ríran. Ìyá rẹ ti dalẹ̀ mi. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé, bí a bá jókòó sínú mọ́tò, kì í la ẹnu. Mo bi í pé ṣé títì ṣófo, ó ní kí n wò ó. A jókòó sẹ́nu géètì báyìí títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, a sì padà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúróṣinṣin. Nǹkan méjì ló wà nínú àpò ìwé yìí. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni tiyín. Èyí tó nípọn, Bàbá ló ni ín, ẹ má bá wọn kà á, ẹ sáà fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á lè kà á fúnra wọn. Máákà tí a fi ń kọ orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ sára pátákó ni mo fi kọ ọ́.

Lẹ́tà Bàbá dé, Màmá. Ìlà márùn-ún péré ni mo rí níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló bí wọn tí wọn ò fi parí rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ìwé náà sókè síbi iná ni mo rí i pé íńkì ló tán. Bàbá ò mọ̀ pé ó tán. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ láìsí íńkì títí dé ìsàlẹ̀ ewé, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọ́n tún kọ ẹ̀yìn rẹ̀ kún. Mo fi pẹ́ńsùlù ra ojú ewé náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sì yọ ní funfun. Kò yẹ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, Bàbá ló yẹ kó sọ ọ́. Ìlà kan péré ni mo lè sọ: wọ́n ní àwọn ń rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ń kọ yìí kedere.

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá sunkún.

Màmá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ̀yin fúnra yín ò kọ́ ọkọ̀ wíwà rí? Oṣù mẹ́jọ ni ojú yín fi wa Alágbà. Ó kù kí ẹ fi ọwọ́ sí i.

Àkọ́bí yín

BÀBÁ NÌKAN LÓ NI ÈYÍ.

MO KA ÌWÉ TÍ KÒ NÍ ÍŃKÌ.

Ẹ NÍ Ẹ TI RÍ DÓKÍTÀ NÍ ÈṢÍ. Ẹ Ò SỌ FÚN MÀMÁ.

Ẹ NÍ Ó SỌ PÉ BÍ Ẹ BÁ PẸ́ JÙ, OJÚ NÁÀ KÒ NÍ ṢEÉ TÚN ṢE MỌ́.

Ẹ NÍ Ẹ̀RÙ Ọ̀BẸ Ń BÀ YÍN.

Ẹ NÍ BÍ Ẹ BÁ DÙBÚLẸ̀ FÚN OṢÙ KAN, TA NI YÓÒ MÁA JÍ ALÁGBÀ LÁRÀÁRỌ̀.

Ẹ ṢÈLÉRÍ PÉ Ẹ Ò NÍ WA ALÁGBÀ MỌ́ TÍTÍ OJÚ YÍN Á FI SÀN.

BÀBÁ, Ẹ̀RÙ Ń BA ÈMI NÁÀ. TI OJÚ YÍN NI, KÌ Í ṢE TI ALÁGBÀ.

Ẹ SỌ FÚN MÀMÁ.

KÍ Ẹ SÌ BẸ̀ WỌ́N KÍ WỌ́N KỌ́ ỌKỌ̀ WÍWÀ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o, o kú òtútù. Ewé ńláńlá rẹ dé. Ẹni tó ń pín lẹ́tà bi mí pé ṣé a fẹ́ kọ́ ilé ni, ó rò pé àwòrán ilé ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ gbà á, ó gbé e lọ sínú Alágbà, ó yí gbogbo gíláàsì sókè. Mo ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ń gbé ewé kọ̀ọ̀kan sún mọ́ imú, ó ń kà á, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó parí, kò jáde. Mo rán àpò ṣòkòtò méjì tán kó tó wọlé.

Ó wá sọ ti dókítà fún mi. Ó ń sọ ọ́ bí ọmọdé tó fọ́ àwo. Inú bí mi, mi ò purọ́. Èmi tí mo ń bá a wo títì, kò lè sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n ó di àwọn ewé rẹ mọ́ àyà títí ó fi sọ ọ́ tán, mo wá gbàgbé ìbínú.

Ibi tó ti bà á jẹ́ ni ìparí. Ó dìde, ó ní, "Ọmọ rẹ ní kí o kọ́ mọ́tò." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ń jíṣẹ́ olórí àdúgbò.

O bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́ ọ rí. Mo kọ́ ọ rí. Oyún rẹ wà nínú mi nígbà náà, Alágbà ṣì ń rùn bí ohun tuntun. Bàbá rẹ gbé mi jókòó sídìí sítíárìn. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi jíà sí i, mo wà á láti ìdí igi àgbàlá títí dé ẹnu géètì, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ rárá. Ẹnu géètì ni mo ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ họ òpó. Bàbá rẹ bọ́ sílẹ̀, ó wo ibi tó họ, ó wá wò mí, ó ní, "Jáde. Mọ́tò kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ." Àwọn oníbàárà mi méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n wá gba aṣọ. Mo jáde. Láti ọjọ́ yẹn mi ò tíì fọwọ́ kan sítíárìn náà. Ìhà tó họ yẹn sì ni ilẹ̀kùn tí kò ṣí láti inú. Bàbá rẹ ò gbà á gbọ́, òun kì í jókòó síbẹ̀.

Mi ò kọ̀ láti kọ́ ọ. Mi ò sì ní kó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kó ṣáà sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní òun ò rántí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rántí gbogbo aago tó tún ṣe láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi, Màmá mi,

Lẹ́tà mi méjì ti wá, ẹ ò fèsì sí ọ̀kankan. Mo ní bóyá ẹni tó ń pín lẹ́tà ló ń ṣàìsàn. Láìmọ̀ pé ara yín le ju tèmi lọ.

Tísà tún ti kọ̀wé. Wọ́n ní láràárọ̀ ni Alágbà ń yí pápá ilé ìwé ká, ẹ̀yin méjèèjì wà nínú rẹ̀, ariwo sì ń jáde láti inú rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn. Wọ́n ní àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹko níbẹ̀ ti kó lọ síbòmíràn. Wọ́n fa ìlà pupa méjì sábẹ́ ewúrẹ́.

Bàbá, ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí kò ní íńkì yẹn pé ẹ ò ní wa Alágbà mọ́ títí ojú yín á fi sàn. Ṣé torí pé íńkì ò sí níbẹ̀ ni kò ṣe kà? Màmá, èyí tó dùn mí jù ni tiyín. Ẹ ti padà sí "òsì díẹ̀."

Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń bọ̀ nílé wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bí mo bá gbà á, màá gbé e padà síbí, màá sì máa fi kọ́ ọrùn wa bọ́ọ̀sì.

Àkọ́bí yín tí inú ń bí


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Bàbá rẹ ló ń sọ ọ́, ìyá rẹ ló ń kọ ọ́. (Mo ti sọ fún un nípa àmì yìí. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé òun ń gbọ́ báírò tó ń kọ lọ lẹ́yìn tí òun bá ti dákẹ́.)

Má wá gba kọ́kọ́rọ́ kankan. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, ọrùn ìyá rẹ ló wà. Ìyá rẹ ló ń wa Alágbà yí pápá ká. Ẹ̀gbẹ́ ni mo jókòó sí. Ariwo tí Tísà ń gbọ́, ìyá rẹ ló ń ní kí n dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Mo ti sọ ọ́ fún un nínú àgbàlá, ó ní atẹ́gùn gbé e lọ, kí n wá sọ ọ́ síwájú ìwé kí ìwọ náà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó yá, máa kọ ọ́. Mo ní mọ́tò kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, irọ́ ni mo pa tí mo ní mi ò rántí. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ó dùn mí pé mo sọ ọ́, ó sì dùn mí pé mo jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. (Mo ní kó tún un sọ, pé báírò fẹ́ gbẹ. Báírò ò gbẹ. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni.)

Ọ̀rọ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe òótọ́. Ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọdún márùndínlógójì mọ kílọ́ọ̀ṣì ju ẹsẹ̀ tèmi lọ. Kì í já a lójijì. Èmi máa ń di ojú, mo ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá gbọ́ tó ń kùn, n óò ní, "Jíà kẹta, rọra." Ó ń rọra. Alágbà ò tíì fi jíà kẹta dá èmi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá sì dé ilé, ìyá rẹ máa ń yí wá sápá ọ̀dọ̀ mi láti wá ṣí ilẹ̀kùn fún mi, nítorí ojú mi. Èyí wú mi lórí, mo fẹ́ kí o mọ̀.

Ọjọ́ ajé tó kọjá ni ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò wọ inú Alágbà pẹ̀lú ìyá rẹ. Ó yí sápá òsì, Alágbà fun fèrè, ọ̀gá náà ta gìrì. Ìyá rẹ juwọ́ sí àwọn èèyàn ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní kí ọ̀gá náà juwọ́. Ó juwọ́. Ìyá rẹ yege. (Nígbà tí ọ̀gá náà fẹ́ bọ́ sílẹ̀, kò rí ilẹ̀kùn ṣí, ó jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi wá ṣí i. Bàbá rẹ ní ọ̀wọ̀ ló fi dúró.)

Dókítà ti dá ọjọ́ fún mi, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn náà wà ní ìlú kejì. Ìyá rẹ ló máa gbé mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. (Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má tún un ṣe.)

Bàbá rẹ, àti ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi awakọ̀, Bàbá mi elétí,

Mo ti dá ìsinmi padà. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé wàhálà ilé ti parí, mo ní ìyá mi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ni. Ó ní, "Ní ọmọ ọdún mélòó?" Mo wọ bọ́ọ̀sì mi, mo gbéra.

Mo gbà láti jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí tí mo kó ìwé ìrìnnà mi sí. Bàbá, bí ẹ bá tún ní ẹ ò rántí, mo ní in lọ́wọ́.

Màmá, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ tó bá wà níwájú. Bí ẹ bá dé orí òkè, ẹ padà sí jíà kejì kí ó tó máa gbọ̀n. Bàbá, ẹ má fọwọ́ ra ojú yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, bó ti wù kó yún yín tó. Mi ò ní sùn dáadáa títí lẹ́tà á fi dé. Ẹ má pẹ́ mọ́, mo bẹ̀ yín.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Inú rẹ á dùn. Mo gbé e lọ, mo sì gbé e bọ̀. Àlọ kò ní wàhálà. Ní àbọ̀, wọ́n ti di ojú bàbá rẹ, ó jókòó bí ẹrù. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà kan láti mu omi, mo ní kí n tan Alágbà, kò dún, ó kàn ń ṣe tá, tá, tá. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá fìà fìà. Bàbá rẹ ní kí n tún un tan. Mo tún un tan. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Kò rẹ̀ ẹ́. Orí bátìrì ló tú. Èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi." Mo ṣí iwájú mọ́tò, mo bọ́ bàtà mi, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Alágbà jí. Mo wọlé padà, bàbá rẹ wá ọwọ́ mi kàn, ó dì í mú. Jíà ló ń yọ mí lẹ́nu, mo ní láti gba ọwọ́ mi padà.

Wọ́n ti tú ojú náà. Ó ríran. Òun fúnra rẹ̀ ló kù tí yóò kọ tirẹ̀, ó ti ń fa ìwé mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá rẹ

Ọmọ mi,

Èmi ni mo ń kọ èyí. Íńkì wà nínú báírò, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Ewú ti gba orí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi náà pé irun tèmi ti tán. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ ibi tí mo lè wò. Lẹ́yìn náà mo rí Alágbà. Èmi tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ó ṣì ń dán. Mo tún lọ wo ògiri Tísà. Ògiri náà kò yọrí sí títì, ó tò gbọọrọ bí ìlà rúlà. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà, ó ní òun á kọ̀wé sí ọ nípa rẹ̀.

Dókítà ní mo lè máa wakọ̀ láti oṣù tó ń bọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ, ó ní òun gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń sáré jù.

Lánàá ó gbé mi lọ ra òwú. Nígbà tí a dé ilé, mo ní ojú mi ti là, kó má ṣe wàhálà, n óò ṣí ilẹ̀kùn fúnra mi. Ó ní ó dáa, ó gbé òwú wọlé. Mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo tún un fà, mo fi èjìká tì í. Mo wá wo ọwọ́ ilẹ̀kùn náà dáadáa. Ó ti jẹ tínrín ní ibi tí ìka máa ń fà á, ó sì ń dán. Nínú gbogbo Alágbà, ibẹ̀ nìkan ló ṣì ń dán. Mo na ọwọ́ sí sítíárìn, mo fun fèrè. Ìyá rẹ yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní òun ń bọ̀, kí n jẹ́ kí òun ki òwú sínú ẹ̀rọ ná.

Láàárọ̀ yìí mo kó irinṣẹ́ aago mi jáde, mo tú ilẹ̀kùn náà. Sípíríǹgì kan ló já, kò ju èyí tó wà nínú aago orí tábìlì lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Ìyá rẹ dúró tì mí títí mo fi parí. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ṣí i, ó tì í, ó tún un ṣí. Ó wá ní òun ṣàkíyèsí pé òun jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, èmi jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan péré tí mo ríran, ó sì ti di àtúnṣe.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá èsì sí i. Bí ìwọ bá ní, jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí mi kíákíá. Lẹ́tà kékeré lásán tó, mo ti lè kà á.

Bàbá rẹ